Orúkọ Tí Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Mi Sọ Mí

"Eyínmẹ́nugún mi, ẹ ti dé? Ẹ kú ọ̀nà o."

Ohùn Sẹ̀gilọlá, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá mi, ni, láti ìdí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ níwájú ilé wa ní Òkèṣà, ní Adó Èkìtì. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti kúnlẹ̀. Èmi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí mo ru ìwé, tí n kò wọ bàtà, ni abilékọ ń kúnlẹ̀ kí. Morẹ́nikẹ́ ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń ti ilé ìwé mọ́dà bọ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Eyínmẹ́-kí-ni?" ó ní. "Monínúọlá, ṣé eyín rẹ yìí náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Inú mi ru. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Eyín mi yọ síta díẹ̀ nígbà náà, ó sì yọ síta títí di òní. Eyín tó bá ẹnu mu gẹ́lẹ́ ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí. Lójú tèmi, ẹ̀fẹ̀ ni obìnrin náà ń fi mí ṣe.

"Ìyàwó, yà fún mi jàre!" mo dá a lóhùn, mo sì fi ẹsẹ̀ da aṣọ tó tẹ́ sílẹ̀ rú bí mo ṣe ń kọjá.

Nígbà tiwa, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Kódà bí ọmọ náà ṣì ń rá, ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó á wo ọmọ náà títí, á wá orúkọ tó dára fún un, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí Sẹ̀gilọlá wọlé wa láti Ìgèdè. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ló sọ mí ní Eyínmẹ́nugún. Ọdún mẹ́fà ló fi ń pè mí bẹ́ẹ̀, n kò sì fi inú dídùn dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ló fà á? Owú ni. N kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí bàbá wa kú. Olúyẹmí, Bọ̀ọ̀dá mi, ló mú mi kúrò lọ́dọ̀ ìyá wa ní Ìgbẹmọ wá sí Adó, níbi tó ti ń ṣe tísà ní ilé ìwé ìjọ. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ó ní láti tẹrí ba kí ó tó wọ yàrá. Apá rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, irun mélòó kan péré ló sì hù ní àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn tísà ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Olúyẹmí kò mọ iye tí wọ́n ń ta abẹ ìfárùngbọ̀n. Òun ló kọ́ mi ní A, B, D. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo ń jókòó sí lọ sí ilé ìwé. Bí ó bá ra ẹ̀pà bọ̀, èmi ni mo ń bó o fún un, a ó sì jọ máa jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá dé, òun ló bọ́ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Òun ló ń bó ẹ̀pà. Bí Bọ̀ọ̀dá bá ní ọ̀rọ̀ ilé ìwé láti sọ, ìdí máṣíìnì ló ń lọ jókòó sí. Ẹ̀rín tó bá rín sí i, mo ń kà á. Bí wọ́n bá jọ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mo ń gbé abọ́ oúnjẹ mi tì. "Kí ló ní tí n kò ní?" Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń bi ara mi. Obìnrin náà rẹwà, ó mọ aṣọ rán, ẹnu rẹ̀ tutù. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní ni ọmọ, inú mi sì máa ń dùn sí i pé kò ní. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Oṣooṣù ni ìyá wa ń ru ìrẹsì wá láti Ìgbẹmọ. Kó tó sọ ẹrù kalẹ̀, ikùn Sẹ̀gilọlá ni yóò kọ́kọ́ wò.

"Ulé yìí dákẹ́ jù," á ní, bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pe ilé. "Ulé tí ọmọ kò ti ké, ṣé ulé nìyẹn?"

Sẹ̀gilọlá á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ máa bá wa gbàdúrà, Ìyá." Kò sí ibi tí wọn kò mú un lọ. Ó gbààwẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Àládùúrà, ó mu omi ìyè, ó sun inú ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ méje. Kò sẹ́ni tó bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọkọ. Ta ni yóò bèèrè? Ọkùnrin gíga, alágbára, tí kì í ṣàìsàn? Lójú wa, bí ọkùnrin bá ti lè ṣe ojúṣe rẹ̀ lórí ibùsùn, ọ̀rọ̀ ọmọ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ti obìnrin. Àṣìṣe wa nìyẹn, gbogbo ilé ni a sì jọ ṣe é.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1959, dókítà kan ní Adó ní kí tọkọtaya náà lọ fi ara hàn ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n dé, Bọ̀ọ̀dá ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà.

"Wọ́n fi igi pẹlẹbẹ ha mí nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò," ó ní. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́! Kí ló kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ?"

Èmi rẹ́rìn-ín. Sẹ̀gilọlá kò rín. Ó kàn ń fa òwú jáde létí aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ilé ìwòsàn ní àwọn yóò kọ èsì ránṣẹ́.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń yà ní pósọ́fíìsì láti gba lẹ́tà Bọ̀ọ̀dá. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, Sẹ̀gilọlá kò bá mi pín in, mo sì ń fi í yangàn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí Morẹ́nikẹ́ fi eyín mi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, àpò lẹ́tà gígùn kan wà láàárín ìwé mi. Bí mo ṣe ń da aṣọ rú lẹ́nu ọ̀nà ni Sẹ̀gilọlá rí i.

"Ẹ dákun, ọkọ mi," ó ní, "ṣé ti Ìbàdàn nìyẹn?"

"Ti Bọ̀ọ̀dá ni. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ fi í lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ o."

Ẹ gbọ́ o! Òun ló ń kọ́ mi bí mo ṣe máa fi lẹ́tà fún ẹ̀gbọ́n tí a jọ wá láti inú ìyá kan náà! Mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ìdí ṣíbí tú àpò lẹ́tà náà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ inú èyí pọ̀ ju agbára mi lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le, mo ní láti lọ yọ ìwé atúmọ̀ èdè Bọ̀ọ̀dá wá. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́ mi ni mo fi tú àṣírí ẹ̀gbọ́n mi.

Dókítà Akínbọ́lá ti ilé ìwòsàn Ìbàdàn ló kọ ọ́. Ó ní àwọn ti yẹ Sẹ̀gilọlá wò tinú-tẹ̀yìn, kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní àtọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi ni kò ní irúgbìn ọmọ nínú rárá. Ó wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Nínú ara gbogbo ènìyàn, ó ní, àwọn okùn tín-ín-tín-ín kan wà tí ojú lásán kò lè rí, àfi awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Ara wọn ni ohun tí a jogún lọ́dọ̀ baba àti ìyá wà. Méjì nínú wọn ló ń pinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin: bí méjèèjì bá jọra, obìnrin ni, bí wọ́n bá yàtọ̀ síra, ọkùnrin ni. Ti Bọ̀ọ̀dá mi kò jẹ́ méjì. Méjì tó sọ ọ́ di ọkùnrin pé, ṣùgbọ́n ọ̀kan irú ti obìnrin tún lé lórí wọn. Inú ohun tí wọ́n ha lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti rí àmì rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn oníṣègùn òkè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ka okùn náà, tí ó yé wọn.

"Ọkùnrin ni yín," Dókítà kọ ọ́ sí ìparí. "Kì í ṣe àrùn tí ẹ kó, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín tàbí ti òbí yín. Bẹ́ẹ̀ ni a bí yín, a kò sì ní oògùn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn ẹbí kí wọ́n má ṣe dá ìyàwó yín lẹ́bi mọ́."

Mo kọ́kọ́ sunkún fún Bọ̀ọ̀dá mi. Lẹ́yìn náà ni owú gbé orí sókè. Bí Bọ̀ọ̀dá bá ka lẹ́tà yìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹjọ́ Sẹ̀gilọlá yóò tán. Kò sẹ́ni tó máa lè wò ó lójú mọ́. Òun tí ọkọ rẹ̀ ń kẹ́ báyìí, Bọ̀ọ̀dá á tún wá máa sìn ín bí ẹrú, èmi á sì di ẹni ìgbàgbé pátápátá. Ará Adó á tún máa fi ẹ̀gbọ́n mi ṣẹlẹ́yà. Mo sọ fún ara mi pé nítorí tirẹ̀ ni mo fi ń ṣe é, pé àṣírí rẹ̀ ni mo ń bò. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Mo ká lẹ́tà náà, mo fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí páànù mi, lábẹ́ aṣọ ọdún.

Ní ìrọ̀lẹ́, Sẹ̀gilọlá bá mi nídìí ààrò.

"Eyínmẹ́nugún mi, ṣé ẹ ti fún un?"

Mo wò ó lójú kòró. "Mo ti fún un."

Ó di ojú, ó mi orí díẹ̀. "Ẹ ṣé," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an ni."

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bọ̀ọ̀dá dúró dè mí níbi kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rọra bi mí pé, "Monínú, ṣé kò sí nǹkan kan láti Ìbàdàn?"

"Kò sí, Bọ̀ọ̀dá."

"Má jẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀ pé mo bèèrè o. N kò fẹ́ kí ó máa rò ó."

Bẹ́ẹ̀ ló ń bèèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi sú u. Ó ní bóyá àwọn ará Ìbàdàn ti gbàgbé àwọn, Ọlọ́run kò gbàgbé. Nínú ilé, mo rí i pé Sẹ̀gilọlá kàn ń wo ojú ọkọ rẹ̀. Bí ó bá gbé oúnjẹ fún un, á dúró. Bí ó bá bọ́ bàtà, á dúró. Ó jọ ẹni tó ń retí kí ẹnì kan dárúkọ òun. Mo rò pé ẹ̀rù kí wọ́n má lé e lọ ló ń bà á, inú mi sì ń dùn, mo ń súfèé létí kànga.

Nígbà tí wọ́n kórè ìrẹsì tán ní oṣù kọkànlá, ìyá wa kó àwọn ẹbí wá. Bàbá Ilésanmí, àbúrò bàbá wa, ló ṣe olórí wọn. Wọ́n jókòó sí yàrá ìgbàlejò, èmi ń gbé omi fún wọn. Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ sí àárín.

"Olúyẹmí," Bàbá Ilésanmí ní, "ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà. A ti bá ìyàwó rẹ fara dà á. Orúkọ bàbá rẹ kò gbọdọ̀ parun nítorí obìnrin kan. A ti rí ọmọ mìíràn fún ọ. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, bí ó bá fẹ́ dúró, kó dúró sí kọ̀rọ̀. Bí kò bá sì lè fara mọ́ ọn, ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ kò dí."

Ìyá wa ń nu ojú. Bọ̀ọ̀dá tẹ orí ba. Sẹ̀gilọlá kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Tísà," ó ní, "ṣé ẹ kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí ẹ máa bá mi sọ fún wọn?"

"Sẹ̀gi, kí ni mo fẹ́ sọ? Ọwọ́ Ọlọ́run ni ọmọ wà."

"Kò sí ohun tí ẹ mọ̀? Bó ti wù kó kéré mọ?"

"Kí ni mo mọ̀?" Ó gbé orí sókè, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Bí mo bá mọ ohun tí mo lè ṣe, ṣé n kò ní í ṣe é ni?"

Yàrá mi kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ síbi tí mo dúró sí. Mo lè wọlé kí n gbé àpótí náà jáde. Ẹsẹ̀ mi tilẹ̀ yún mi. Mo wá rí bí Bọ̀ọ̀dá ṣe na ọwọ́ gígùn rẹ̀ láti di Sẹ̀gilọlá lọ́wọ́ mú lójú gbogbo ẹbí, owú náà sì tún dé sí mi. Mo dúró síbi tí mo wà, mo di agbè omi mú.

Sẹ̀gilọlá fa ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò dé ojú rẹ̀. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé máṣíìnì rẹ̀ sínú bọ́lẹ̀kájà tó ń lọ sí Ìgèdè. Bọ̀ọ̀dá bẹ̀ ẹ́ dé ibùdókọ̀. Èmi nìkan ló bá sọ̀rọ̀.

"Eyínmẹ́nugún mi, ó dàbọ̀ o. Ẹ máa bá mi tọ́jú ọkọ mi. Kì í jẹ iyán tó bá ti tutù."

Ọwọ́ mi tẹ ohun tí mo ń wá wàyí. Èmi ni mo tún ń jókòó sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá á wa kẹ̀kẹ́ láti Òkèṣà dé ilé ìwé mi láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Mo gún iyán gbígbóná fún un, ó tutù síwájú rẹ̀. Ó ra ẹ̀pà bọ̀ lọ́jọ́ kan, mo bó o, mo gbé e sí i lọ́wọ́, ó kàn ń wo ojú ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ máṣíìnì ti dá ihò sí. Mo wá rí i pé àní lẹ́yìn tí obìnrin náà lọ, òun náà ló ṣì ní gbogbo rẹ̀.

Kí ọdún tó parí ni Morẹ́nikẹ́ sáré wá bá mi, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Monínú! Ṣé o ti gbọ́? Ìyá yín ti wá rí àwọn òbí mi. Èmi ni wọ́n fẹ́ fẹ́ fún Tísà!" Ó fò mọ́ mi lọ́rùn. "Ìwọ lo wá di ọkọ mi báyìí o. Orúkọ wo ni kí n máa pè ọ́? Mo máa wá èyí tó dùn ju ti ẹni àná lọ."

Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó sì mọ ìṣirò ju gbogbo kíláàsì wa lọ. Mo rí ìyá mi nínú ọkàn mi, tó ru ìrẹsì, tó ń wo ikùn Morẹ́nikẹ́. Mo rí Morẹ́nikẹ́ tó kúnlẹ̀ sí àárín yàrá lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á tún wá òmíràn. Gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ ọdún mi. Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Èmi gan-an ni mo pa á mọ́.

N kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ Sátidé, mo fi lẹ́tà náà sí àyà mi, mo wọ ọkọ̀ gba Ìyìn lọ sí Ìgèdè. Ẹ̀rù Bọ̀ọ̀dá ń bà mí, mo ní kí n kọ́kọ́ lọ bẹ obìnrin náà.

Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń rán aṣọ Kérésìmesì àwọn ọmọdé. Ó ti rù. Nígbà tó rí mi, ó sáré kúnlẹ̀.

"Eyínmẹ́nugún mi! Ṣé kò sí? Ṣé ara Tísà yá?"

Èmi náà kúnlẹ̀. A jọ wà lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo na lẹ́tà sí i. Ó wo àpò lẹ́tà náà, ó mọ̀ ọ́n.

"Ó ní kí ẹ gbé e fún mi?"

"Rárá."

"Ta ló wá gbé e fún yín?"

"Ọwọ́ mi ló wà. Ọwọ́ mi ló ti wà láti ọjọ́ náà."

Kò tíì yé e. "Lẹ́yìn tí Tísà kà á tán, àbí?"

"Tísà kò kà á. Kò rí i rí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń bi mí, mo ní kò tíì dé." Ẹkún gbà mí. "Mo ń jowú rẹ, Ìyàwó. Mo ń jowú rẹ ni."

Sẹ̀gilọlá fi ìdí lélẹ̀ pátápátá. Ìyá rẹ̀ yọjú láti inú ilé, Sẹ̀gilọlá juwọ́ sí i pé kó padà.

"Dókítà ti sọ fún mi ní Ìbàdàn," ó ní. "Ó ní kò sí ohun tó ṣe mí. Ó ní ó dá òun lójú pé ọ̀dọ̀ Tísà ni ọ̀ràn náà wà, pé àyẹ̀wò ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló kù tí òun fi máa mọ ohun tó fà á. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Tísà. Irú ọ̀rọ̀ yẹn, ọkùnrin kì í fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Mo ní kó kà á fúnra rẹ̀, ní ìkọ̀kọ̀, kó wá sọ fún mi nígbà tó bá lè sọ ọ́. Mo ti pinnu, bí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, èmi ni wọ́n á máa pè ní àgàn títí mo fi máa hu ewú. Mo lè rù ú. Ṣùgbọ́n kí ó sọ fún èmi. Èmi nìkan."

Ó gbé lẹ́tà náà sókè.

"O ní o ti fún un. Gbogbo oṣù yẹn ni mo fi ń wo ojú rẹ̀. Lójú gbogbo ẹbí, mo bi í pé ṣé kò sí ohun tó mọ̀. Ó ní kò sí. Mo rò pé ó ti kà á, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lé mi. Ìyá yín kọ́ ló lé mi kúrò ní Adó. Èmi tí mo ti fara da ìyá yín fún ọdún mẹ́fà? Ohun tí mo rò nípa ọkọ mi ló lé mi. Ọkọ mi tí kò ṣe nǹkan kan." Ó wò mí lójú. "Monínúọlá."

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Kò sì fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi tí mo ti ń gbàdúrà fún ọdún mẹ́fà pé kó jáwọ́ nínú orúkọ ẹ̀fẹ̀ yẹn.

Ọkọ̀ kan náà la bá padà sí Adó. Bọ̀ọ̀dá ń yẹ ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ wò nígbà tí a wọlé. Ó fò dìde nígbà tó rí Sẹ̀gilọlá, àga rẹ̀ ṣubú. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé àga dìde, ó jókòó. Sẹ̀gilọlá lọ dúró tì í. Mo ń retí ìgbátí. Ì bá gbá mi, ara ì bá tù mí.

"Monínú," ó ní nígbà tó yá, "mo ní kí o máa gba lẹ́tà mi nítorí mo fọkàn tán ọ ju ara mi lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wa kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgbẹmọ, ó ní kí wọ́n pe àwọn ẹbí jọ. Bàbá Ilésanmí ló sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá dúró láàárín wọn, ó ní, "Èmi ni. Kì í ṣe Sẹ̀gi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe bí mi." Ìyá wa ké, ó ní ta ló ṣe ọmọ òun báyìí. Bọ̀ọ̀dá ní, "Kò sẹ́ni tó ṣe mí, Ìyá. Okùn kan ló lé nínú ara mi, èyí tí ojú kì í rí." Ìyá bi í pé ṣé wọn kò lè bá a yọ ọ́. Ó ní wọn kò lè yọ ọ́. Ìyá wa jókòó títí, lẹ́yìn náà ló dìde, ó di àpò ìrẹsì kan, ó ru ú wá sí Adó, ó sì kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Sẹ̀gilọlá sáré fà á dìde, àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n sunkún títí ọbẹ̀ fi jóná.

Morẹ́nikẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo ṣe, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan. Bọ̀ọ̀dá àti ìyàwó rẹ̀ gba ọmọ mẹ́ta tọ́ nínú ẹbí, ilé náà sì kún fún igbe ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ti fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ìgèdè yẹn, àwọn nìkan ni wọ́n jọ ń lọ gba lẹ́tà wọn ní pósọ́fíìsì.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìlara kì í sọ fún ènìyàn pé ìlara ni òun. Á ní ìfẹ́ ni òun, á ní ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń dáàbò bò. Ohun tó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ fi fún un, pàápàá bí ó bá jẹ́ òtítọ́. Ẹ má sì ṣe dá obìnrin lẹ́bi ohun tí Ọlọ́run nìkan mọ̀ bó ṣe rí nínú ara ẹni méjì.

Sẹ̀gilọlá dárí jì mí. Ó rán aṣọ ìgbéyàwó mi fúnra rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀ fún un kí ó súre fún mi. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, mo di ojú, mo ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kó pè mí ní orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, kódà bó jẹ́ ẹ̀fẹ̀ ló fẹ́ fi mí ṣe.

"Monínúọlá," ó ní, "ilé ọkọ á tù ọ́ lára."

Mo ṣe àmín.